Ìsádi àti Ilé-Ẹjọ́: Ta Ni Yóò Yẹ Ọwọ́ Alágbára Wò?

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń kọ́ ní èdè wa bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní: bí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè bá kọ ẹ̀bẹ̀ ẹni tó wá sá di í, tí onítọ̀hún sì gbé ìjọba náà lọ sí ilé-ẹjọ́ kí wọ́n má baà dá a padà sí ibi tó ti sá wá, kí ni à ń pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Mo fẹ́ sọ pé "ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn" ni, ṣùgbọ́n ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Kì í ṣe ohun kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni mo fẹ́ fi ìtàn ṣàlàyé lónìí, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn ni ó rọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà "ìsádi" wò. Ẹni tó sá di ènìyàn kò kàn sá lásán; ó ní ẹni tí ó sá tọ̀. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá fi ṣe ibi ìsádi nígbà tí ogun tú wọn ká. Nígbà tí ìbọn àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó sá lọ, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Láyé ìgbà náà, ẹnu ọba tí a sá tọ̀ ni abẹ gé. Bí ó bá gbà, ó gbà. Bí ó bá kọ̀, ó parí.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní ìlú Geneva ní 1951, wọ́n sì tún mú un gbòòrò sí i ní 1967. Àdéhùn náà sọ pé a kò gbọdọ̀ lé ẹni tó sá àsálà padà sí ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí òmìnira rẹ̀ yóò ti wà nínú ewu nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, ìlú rẹ̀, ẹgbẹ́ tó wà tàbí èrò rẹ̀ nípa ìṣèlú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bóyá òótọ́ ni ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ń sọ? Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni. Ta ni yóò sì yẹ ọwọ́ mínísítà wò? Ibẹ̀ ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Olóyè Anthony Enahoro, ọmọ Uromi, ẹni tó gbé àbá òmìnira Nàìjíríà wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1953. Ní 1962, ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ Action Group, ìyẹn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Enahoro gba Gánà kọjá, ó sì sá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mú un níbẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n sì tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin tí wọ́n fi dì í mú ti wà láti 1881, fún àwọn ìsáǹsá tó bá sá láti apá kan ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ sí òmíràn. Òfin náà kò yọ ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ jẹ́ ti ìṣèlú sílẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú adájọ́, àwọn adájọ́ kò rí àyè láti dá a sílẹ̀. Àwọn aṣòfin pàápàá jiyàn lé e lórí títí. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Henry Brooke, ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ó sì ní kí wọ́n dá a padà. Ní oṣù Karùn-ún 1963, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú padà sí Nàìjíríà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 fún un. 1966 ni ó tó jáde.

Mo máa ń ronú nípa ìtàn yìí. Àwọn adájọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí òfin gbà wọ́n láyè kéré. Wọ́n wo bóyá ìwé pé. Wọn kò lè wo ohun tí ń dúró de ọkùnrin náà nílé tó bí wọ́n ṣe lè wò ó lónìí.

Ní 1987, nǹkan yí padà díẹ̀. Ọmọ Yùgáńdà kan gba Kẹ́ńyà kọjá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mínísítà ní Kẹ́ńyà ni kí wọ́n dá a padà sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti ń bọ̀. Ọkùnrin náà ní Kẹ́ńyà ti dá àwọn ará Yùgáńdà kan padà sílé rí. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ wo ìwé ìpinnu náà, wọ́n rí i pé mínísítà kò fi ọkàn sí ẹ̀rí yìí, wọ́n sì fagi lé ìpinnu rẹ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn tí a gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́jọ́ kan náà pàdánù. Ohun tí àwọn adájọ́ sọ ni pé iṣẹ́ mínísítà ni láti pinnu ẹni tó yẹ fún ìsádi, kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n níbi tí ìpinnu bá ti lè fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu, ojú tí ilé-ẹjọ́ yóò fi wò ó gbọ́dọ̀ mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú wọn: ẹ̀mí kò láàárọ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti olùkọ́ kan láti Zaire, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Kóńgò olú-ìlú Kinshasa lónìí. Ìwé ẹjọ́ kò pe orúkọ rẹ̀. "M" lásán ni wọ́n pè é. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹsàn-án 1990, ó bẹ̀bẹ̀ fún ìsádi, wọ́n sì kọ̀ fún un. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1991, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ gan-an, agbẹjọ́rò tuntun sáré tọ adájọ́ kan lọ ní ìrọ̀lẹ́. Adájọ́ náà fẹ́ kí wọ́n dá ìrìn-àjò dúró kí òun lè gbọ́ ẹjọ́, ó sì gbà pé agbẹjọ́rò ìjọba ti ṣe ìlérí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ọkọ̀ òfurufú gbéra. Wọ́n gbé M gba Paris kọjá lọ sí Kinshasa. Lóru ọjọ́ náà, adájọ́ pàṣẹ láti ilé rẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣètò ọkọ̀ tí yóò gbé e bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Kenneth Baker, gbọ́ ìmọ̀ràn pé adájọ́ kò ní agbára láti pàṣẹ fún ìjọba ọba, ó sì fagi lé ètò náà.

Ẹjọ́ mìíràn ni ó wá dìde: ǹjẹ́ mínísítà lè tàpá sí àṣẹ ilé-ẹjọ́ kí ó sì mú un jẹ? Ní oṣù Keje 1993, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dáhùn pé rárá. Wọ́n ní adájọ́ lè pàṣẹ fún mínísítà, mínísítà tó bá sì kọ̀ jẹ̀bi. A kò fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu. Ìgbọràn ìjọba sí òfin kì í ṣe àánú tó ń ṣe fún ará ìlú, ọ̀ranyàn ni. Ẹ wo ohun tó ba ni nínú jẹ́ níbẹ̀: òfin jàre, ṣùgbọ́n ẹni tí òfin tìtorí rẹ̀ jàre ti lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí a lé padà sínú ewu.

Ọdún 1993 yìí kan náà ni òfin tuntun fún àwọn olùwá-ìsádi tí a kọ ẹ̀bẹ̀ wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí wọ́n tó lọ. Láti ìgbà náà, ẹjọ́ àyẹ̀wò di ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, fún ẹni tí ilẹ̀kùn iwájú ti tì mọ́. Síbẹ̀ ó wúlò. Ní oṣù Kọkànlá 2023, adájọ́ márùn-ún ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò pé kò bófin mu láti kó àwọn olùwá-ìsádi lọ sí Rùwáńdà, nítorí pé ewu wà pé ibẹ̀ lè dá wọn padà sí ibi tí wọ́n ti sá wá. Ẹ kò rí i? Ọ̀rọ̀ Kẹ́ńyà ti 1987 ni ó tún yọjú. Àwọn aṣòfin ṣe òfin ní oṣù Kẹrin 2024 pé Rùwáńdà kò léwu; ìjọba yí padà ní oṣù Keje, ètò náà sì parí láìsí ẹnì kan tí wọ́n fi ipá gbé lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ká ní ọmọ àgbà pín ẹran nínú ilé, tí àbúrò kan sì ké pe baálé. Bí baálé bá gba àwo, tó tún ẹran náà pín fúnra rẹ̀, kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi í léèrè pé, "Ṣé ìwọ la ní kó o pín in? Ṣé o ka gbogbo ọmọ pé? Ṣé o gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ ń wí?", tó sì ní kí ó lọ tún un pín bí ó ti yẹ, àyẹ̀wò nìyẹn. Ọmọ àgbà náà ṣì lè fún àbúrò ní egungun, bí ó bá ti ka ẹnu pé. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá "ẹjọ́ àyẹ̀wò ìpinnu" fún un. Bí ẹ bá ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fi pamọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ní 1996, nígbà ìjọba Abacha, Olóyè Enahoro tún sá kúrò nílé, lẹ́ni tó ti lé ní 70 ọdún. Amẹ́ríkà ni ó lọ lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó dá a padà. 2000 ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Ọkùnrin kan náà, ìsá méjì. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí ó sá di. Nítorí kí ọ̀rọ̀ má baà wà lọ́wọ́ orí ire nìkan ni a ṣe nílò adájọ́ tí yóò wo ọwọ́ alágbára. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ó dàbọ̀ o. Kí Ọlọ́run má ṣe wá ní ìsáǹsá.