Ọ̀nà Méjì tí Tíì Gbà Dé Ṣómólú

Tíì tí wọ́n ń pò lẹ́bàá títì ní Ṣómólú àti Bàrígà, tí ìfófòó ń bo ojú rẹ̀, gba ọ̀nà méjì dé Èkó: ọ̀nà òkun àti ọ̀nà aṣálẹ̀. Orúkọ méjì tí ó ń jẹ́ fi èyí hàn, Ṣáínà sì ni méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́nu àwọn ará etíkun Fujian, te ni ewé yìí. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Dutch fi ọkọ̀ òkun gbé e lọ sí Yúróòpù. Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di tea, Yorùbá sì gbà á ní tíì. Àgbègbè mìíràn ní Ṣáínà ń pè é ní cha. Èyí gba orí ilẹ̀ kọjá sí Páṣíà, ó di shāy lọ́dọ̀ Lárúbáwá, ó sì di shayi lọ́dọ̀ Hausa. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń tà á fi ń jẹ́ mai shayi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tíì ni oníbàárà ń béèrè.

Láyé àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn Sàró tó padà wá láti Sierra Leone, ohun mímu ilé ọlọ́làjú ni tíì l'Ékòó. Ní 1890 Thomas Lipton ra oko tíì ní Ceylon, tí ń jẹ́ Sri Lanka báyìí, ó sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà tó yá, orúkọ rẹ̀ di ohun tí ará Èkó ń pe báàgì tíì èyíkéyìí. Mílíìkì Peak dé Nàìjíríà ní 1954, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀gbà, Ìkẹjà, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Bournvita àti Milo náà wọlé. Kòkó ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, kì í ṣe ewé tíì, ṣùgbọ́n nítorí pé omi gbígbóná, mílíìkì àti ṣúgà kan náà ni wọ́n ń bá rìn, Yorùbá ń pe gbogbo wọn ní tíì.

Ìfófòó ní tirẹ̀, ó jọ pé aṣálẹ̀ ló gbà wá. Nígbà ogun Crimea (1853 sí 1856), ọjà àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì há lápá òkun Baltic, wọ́n sì kó tíì aláwọ̀ ewé ti Ṣáínà lọ tà ní Mòrókò. Láti ibẹ̀ ni ràkúnmí ti ń gbé e wọ Sàhárà. Àwọn Tuareg ń sè é pẹ̀lú ṣúgà, wọ́n ń dà á láti òkè sínú ife kékeré léraléra títí yóò fi hó; ife mẹ́ta ni àlejò ń mu.

Ní 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láàárín Èkó àti Kánò, ó sì mú kí ìrìn àjò ará Òkè Ọya, àwọn Hausa pẹ̀lú, sí Èkó rọrùn. Iṣẹ́ ojú irin yìí kan náà ló gbé Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, wá ní 1913. Ní 1921 ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Búrẹ́dì Agége, tó tẹ̀lé tirẹ̀, ni wọ́n ń fi mu tíì mai shayi.

Ṣómólú jẹ́ ibùdó àwọn atẹ̀wé, tí iṣẹ́ wọn máa ń wọ òru; Bàrígà sì pààlà pẹ̀lú Akọ́kà, níbi tí Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, wà. Irú àdúgbò báyìí ni tábìlì, bẹ́ǹṣì àti kẹ́tù mai shayi ti ń rí oníbàárà. Ife ńlá méjì ló ń lò: á gbé ọ̀kan sókè, á da tíì sínú èkejì nísàlẹ̀, á tún dà á padà. Èyí ń po mílíìkì àti ṣúgà pọ̀, ó ń jẹ́ kí ooru tíì dín kù díẹ̀, ó sì ń kó atẹ́gùn sínú rẹ̀. Purotéènì inú mílíìkì ló ń di atẹ́gùn náà mú tí ìfófòó kì í fi tètè pòórá.

A lè fi ọ̀nà ife méjì yìí po tíì mìíràn pẹ̀lú, bíi hojicha, tíì yíyan àwọn ará Japan, tí òun náà jẹ́ ọmọ cha. Kyoto ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan ewé àti ẹ̀ka tíì lórí eédú ní àwọn ọdún 1920. Iná ń sọ tíì aláwọ̀ ewé di pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń dín ìkorò rẹ̀ kù. Nílé, a lè yan tíì aláwọ̀ ewé nínú páànù gbígbẹ, ká rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ká sẹ́ ẹ, ká bu mílíìkì gbígbóná sí i, ká sì fi ife méjì dà á bí mai shayi ti ń ṣe.