Ìkùukùu Akàn àti Ìtànṣán Gáńmà: Ìtàn Ìdúró Pípẹ́

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò: kí ni ó fà á tí awò kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1968 kò fi rí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ lárídájú títí di 1989? Ọ̀pọ̀ òpìtàn sáyẹ́ǹsì a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé irinṣẹ́ ńlá ni í bí ìmọ̀ ńlá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1054, àwọn awòràwọ̀ ọba ilẹ̀ Ṣáínà rí ìràwọ̀ kan tí wọn kò rí rí. ‘Ìràwọ̀ àlejò’ ni wọ́n pè é. Ọjọ́ 23 ni wọ́n fi rí i lọ́sàn-án gangan, ó sì tó nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó pòórá lójú wọn lóru. Ìràwọ̀ tí ó bú gbàmù ni. John Bevis rí èéfín ibẹ̀ ní 1731. Lord Rosse yà á ní àwòrán ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì sọ ọ́ ní Akàn. Nǹkan bí ọdún 6,500 ni ìmọ́lẹ̀ fi ń rìn láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní 1953, Shklovsky, ará Rọ́ṣíà, ṣàlàyé pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí eré wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n ń yí po nínú agbára òòfà, ni wọ́n ń mú ìkùukùu náà tàn. Ṣùgbọ́n agbára irú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ta ni ń bu epo sí fìtílà yìí? Ní 1968, Staelin àti Reifenstein rí pọ́lísà kan níbẹ̀, ní ọdún kan péré lẹ́yìn tí Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, ti rí pọ́lísà àkọ́kọ́. (Wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel ti 1974 dá ọ̀gá rẹ̀ lọ́lá nítorí iṣẹ́ náà, wọn kò sì ka ọmọbìnrin náà mọ́ ọn. Ó ṣì ń dùn mí.) Pọ́lísà inú Akàn ń yí nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, yíyí rẹ̀ sì ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Agbára tí ó ń pàdánù bẹ́ẹ̀ ni ó ń jáde bí ẹ̀fúùfù, tí ó ń bọ́ ìkùukùu náà.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ó yẹ kí ìtànṣán gáńmà alágbára máa ti ibẹ̀ wá. Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí ó dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọlu afẹ́fẹ́, a di ọ̀wààrà ohun tíntìntín tí ń bù yẹ̀rì ní àwọ̀ búlúù fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí a kò lè fi ojú mọ̀. Ní 1952, Jelley àti Galbraith rí irú ìbùyẹ̀rì bẹ́ẹ̀ ní Harwell, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú dígí kékeré kan tí wọ́n gbé sínú garawa ìdalẹ̀nù. Láti 1960, Chudakov àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ fi dígí 12 wo Akàn ní Crimea. Wọn kò rí nǹkan kan. Mo fẹ́ kí á bọlá fún àìrí yẹn, nítorí òun ni ó fi hàn pé kì í ṣe ìkọlura àwọn pùrótọ́ọ̀nù ni ó bí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà.

Lẹ́yìn èyí ni awò Whipple dé, ní orí òkè Hopkins ní Arizona: dígí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 10. Títóbi rẹ̀ kò ran ọ̀rọ̀ náà. Ìtànṣán mìíràn, tí í ṣe pùrótọ́ọ̀nù àti irú wọn, ń rọ̀ láti gbogbo igun ojú ọ̀run, ó sì ń bù yẹ̀rì bákan náà; nínú 1,000 ìbùyẹ̀rì, bóyá ni méjì fi jẹ́ ti Akàn. Láàárín àkókò yìí, àwọn kan ń kéde pé àwọn ti rí i níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún, àwọn mìíràn wò, wọn kò bá a. Orúkọ iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán.

Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ní 1985, Michael Hillas ti Yunifásítì Leeds fi ìṣirò hàn pé ìrísí ìbùyẹ̀rì méjèèjì yàtọ̀: ti gáńmà a máa tín-ín-rín, a sì kọjú sí ibi tí ó ti wá, ti pùrótọ́ọ̀nù a máa fẹ̀ wúruwùru. Trevor Weekes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ojú 37 sí awò náà tí ó lè ya ìrísí wọ̀nyí. Wọ́n da èyí tí ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìbùyẹ̀rì nù, Akàn sì yọ gedegbe. Dígí ti 1968 náà ni. Ọ̀nà ìyàtọ̀ ni ó yí padà.

Láti ìgbà náà, Akàn ni gbogbo awò fi ń ṣe òṣùwọ̀n, títí kan H.E.S.S. ní Nàmíbíà, tí ó ti fi hàn láti 2002 wá pé irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú agbo ìràwọ̀ wa. Àfi bí ó ti di oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 tí sátẹ́láìtì AGILE àti Fermi rí i tí òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ bú sókè fún ọjọ́ mélòó kan! Ní 2021, àwọn olùṣèwádìí LHAASO ní Sichuan kéde ìtànṣán kan ṣoṣo láti Akàn tí agbára rẹ̀ ju ti ìmọ́lẹ̀ ojú lọ ní ọ̀nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún tírílíọ̀nù. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó bí i ti ní láti lágbára jù ú lọ, bí ẹ̀fúùfù pọ́lísà náà sì ti ṣe sún un dé ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí di òní.