Ọ̀nà Ọjà Balógun àti Ìtàn Alùpùpù ní Èkó

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí òwe náà bá jẹ́ òtítọ́ níbikíbi, ó jẹ́ òtítọ́ ní Ọjà Balógun ní erékùṣù Èkó. Ọjà yìí kì í ṣe ọjà tí a fi ọgbà yí ká tí a sì fún ní ẹnu-ọ̀nà kan. Àdúgbò ni, tí ó ta ẹ̀ka sí òpópó gbogbo, láti ẹ̀bá Broad Street títí dé ìhà Ìdúmọ̀tà, tí ó sì yí Ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's, Breadfruit, àti Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894 ká. Níbẹ̀ ni àwọn alágbàtà láti ìlú púpọ̀ ti ń ra léèsì, àǹkárá, bàtà àti àpò. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó rajà, dandan ni kí ó kọ́kọ́ dé ọjà. Bí ó bá sì rà á tán, dandan ni kí ó gbé e lọ sílé. Nínú wíwá àti lílọ yìí ni ìtàn tí a fẹ́ sọ wà, èyíinì ni ìtàn alùpùpù: bí ó ti dùn ún gùn, bí ó ti léwu tó, àti ìdí rẹ̀ tí ó fi jọba ní ojú ọ̀nà Èkó.

Omi ni ọ̀nà àtijọ́ sí erékùṣù náà. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni a fi ń kó ọjà láti ilẹ̀ òkè dé etí ọ̀sà, àwọn aláàárù a sì rù ú wọ inú ìlú. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ C.M.S. dé Èkó ní 1852, ìlú tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn ni wọ́n bá. Ní 1901 ni nǹkan yí padà. Ní ọdún náà ni ọ̀nà rélùwéè láti Ìdó dé Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún náà pẹ̀lú ni a parí afárá tí a fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter pè, tí ó so Ìdó mọ́ erékùṣù Èkó. Ní 1902, ìjọba tẹ́ irin gba orí afárá náà, ọkọ̀ irin kékeré kan tí a ń pè ní tram sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Ìdó wọ àárín ìlú. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a níwájú: ṣáájú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa tó fojú kan mọ́tò rárá ni Èkó ti ní ọkọ̀ tí ń rìn lórí irin kọjá omi. Ṣùgbọ́n ní 1933 a pa ọkọ̀ náà tì, a sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ J. N. Zarpas ni ó lókìkí jù lọ nígbà náà, Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó sì ra ilé iṣẹ́ náà ní 1958.

Ní ti alùpùpù fúnra rẹ̀, ilẹ̀ Jámánì ni a ti bí i. Ní 1885, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach fi ẹ́ńjìnnì kékeré kan sí ara kẹ̀kẹ́ tí a fi igi kàn, láti fi dán an wò bóyá ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù lè gbé ènìyàn rìn. Nígbà tí irú rẹ̀ dé ilẹ̀ wa, àwọn ènìyàn fún un ní orúkọ tí ó ń dún bí ìró ẹnu rẹ̀ gan-an. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ìjọ ń gùn láti abúlé dé abúlé. Ẹni tí ó bá wá ní alùpùpù, a máa kà á sí ẹni iyì. Ní ìgbà náà, ohun ìní ẹnì kan ni alùpùpù jẹ́, kò tíì di ọkọ̀ èrò.

Báwo ni ohun ìní ẹnì kan ṣe wá di ọkọ̀ gbogbo ayé? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìlú ṣí kúrò, ọjà kò sì ṣí. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku fà ní Èkó, ìjọba dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1928, tí a ń pè ní Lagos Executive Development Board, láti tún ìlú ṣe. Láti 1955, ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín erékùṣù, ó sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Súrùlérè. Ìyálọ́jà tí ó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni ó ti ń pàtẹ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ń wọ ọkọ̀ kọjá omi lójoojúmọ́ kí ó tó dé ìdí àtẹ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìlú gbòòrò dé Muṣin, dé Agége, dé Ìkòròdú, ṣùgbọ́n erékùṣù kò tóbi sí i, àwọn òpópó Balógun kò sì fẹ̀ sí i. Afárá Èkó parí ní 1975, Afárá Kẹta sì parí ní 1990. Síbẹ̀, bí afárá ti ń pọ̀ sí i ni mọ́tò ń pọ̀ jù wọ́n lọ. Owó epo rọ̀bì àti owó Udoji, tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ 1974, fi ọkọ̀ àti alùpùpù sí ọwọ́ ẹni púpọ̀. Gosiló sì wá di ọ̀rọ̀ tí ọmọdé Èkó mọ̀ kí ó tó mọ A, B, D.

Nígbà tí ó di 1986, tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò ìtúntò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀, owó náírà rẹlẹ̀, ohun èlò mọ́tò wọ́n, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó ní alùpùpù rí i pé ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ lè mú owó oúnjẹ wá. Ní Kàlàbá àti àwọn ìlú mìíràn ní ìhà ìlà-oòrùn, wọ́n ti ń fi alùpùpù gbé èrò ṣáájú. Àṣà náà wá gbilẹ̀ ní Èkó. Àwọn aláwàdà ìlú fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú pè é. Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni ilé iṣẹ́ tí ó lókìkí ní ìgbà náà. Ẹni tí kò lówó àtiwọ ọkọ̀ òfuurufú a ní òun wọ ọ̀kadà lọ sí ọjà. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé láti 1997, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwa ènìyàn. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Kútọnu, zémìjáǹ ni wọ́n ń pè é, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Fọ̀n jẹ́ pé kí a gbé mi kíákíá. Ní Uganda, boda-boda ni. Níbikíbi tí ọ̀nà bá ti há, tí bọ́ọ̀sì sì wọ́n, a ó bá a níbẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú ewu nìkan wò ó, nítorí ẹni tí kò bá jẹ́wọ́ adùn nǹkan kò lè sọ òótọ́ nípa ìkorò rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ, tí oòrùn kò sì tíì mú, kò sí ọkọ̀ tí ó dùn ún wọ̀ tó alùpùpù lórí afárá. Atẹ́gùn ọ̀sà a máa fẹ́ sí ojú, ẹni tí ń gùn ún a sì mọ ara rẹ̀ àti ẹ̀rọ náà sí ohun kan ṣoṣo: bí ó bá fi ara tì sí ọ̀tún, ẹ̀rọ a yà sí ọ̀tún, bí ó bá fi ara tì sí òsì, ẹ̀rọ a gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nígbà tí mólùẹ̀ àti dánfó bá dúró gbagidi, òun a máa yọ̀ kọjá láàrin wọn bí ẹja nínú omi. Oníṣòwò tí ì bá lo wákàtí méjì nínú gosiló a dé ìdí ọjà kí àtẹ ẹnìkejì rẹ̀ tó kún. Fún ọlọ́jà, àkókò ni owó. Ọlọ́kadà ni ó ń ta àkókò náà fún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà kì í jẹ́ ọ̀nà kan náà ní ìgbà gbogbo. Òjò àkọ́rọ̀ ni ó burú jù, kì í ṣe òjò ńlá bí ọ̀pọ̀ ti rò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, epo tí ń jò lára mọ́tò a máa mu eruku lójú ọ̀nà. Bí òjò ìṣáájú bá ti kán, epo náà a léfòó, ọ̀dà a sì yọ̀ bí ilá. Ẹni tí ó bá fi ìpayà tẹ bíréékì iwájú ní ojú ibẹ̀, táyà rẹ̀ a dúró, ṣùgbọ́n alùpùpù kò ní dúró. Nígbà tí òjò bá wá dà tán, omi a bo ojú òpópó Ìsàlẹ̀ Èkó, a kò sì ní mọ ibi tí ọ̀nà parí sí àti ibi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa wọ ojú ẹni tí kò bo ojú. Ní alẹ́, kòtò a fi ara pamọ́. Nínú ọjà, ọmọlanke, aláàárù tí ẹrù bo ojú rẹ̀, àti ọmọdé tí ń kiri omi, a máa yọ síni lójijì, kò sì sí àyè tí a lè yà sí. Èrò tí kò bá sì mọ bí a ti ń gbé ẹsẹ̀ a gba àpá iná lára páìpù èéfín. Lékè gbogbo rẹ̀, mọ́tò ní irin tí ó yí ènìyàn ká, ṣùgbọ́n ara ẹni tí ó gun alùpùpù ni irin tirẹ̀. Àwọn oníṣègùn eegun ní Ìgbóbì, níbi tí a ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní 1945, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Jéhù ọmọ Nímṣì ni Ìwé Mímọ́ fi hàn wá pé a ti mọ̀ láti òkèèrè nípa bí ó ti ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀. Jéhù kò ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ọlọ́kadà Èkó. Síbẹ̀ kí a ṣọ́ra nínú ìdájọ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe onílé alùpùpù tí wọ́n ń gùn. Owó ojúmọ́ ni wọ́n ń dá fún ẹni tí ó ni ín, kí wọ́n tó mú tiwọn. Èrò tí ó jókòó lẹ́yìn ni ó sì máa ń kígbe pé kí a sáré, pé ọjà ń lọ. Ẹni tí ó ra ìkánjú kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó tà á.

Òfin kò dákẹ́. Ní January 1, 2009, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò bá dé àṣíborí ní gbogbo Nàìjíríà; ní àwọn ìlú kan, àwọn ọlọ́kadà dé igbá àti ìkòkò lérí láti fi tan òfin jẹ, àwọn èrò mìíràn sì kọ àṣíborí tí ẹlòmíràn ti dé nítorí ìbẹ̀rù oògùn. Ní August 2012, Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí òfin ìrìnnà tí ó lé ọ̀kadà kúrò ní òpópó 475. Ní February 1, 2020, ìjọba Gómìnà Sanwo-Olu lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Island sì wà nínú wọn. Òfin náà mú àwọn ilé iṣẹ́ tuntun bíi Gokada pẹ̀lú, tí ó ń kọ́ ọlọ́kadà ní ìgùn tí ó sì ń fún èrò ní àṣíborí. Ní June 1, 2022, ìjọba tún òfin náà tẹnu mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà wọ̀nyí, láìsí àyè ìgbàsílẹ̀ kankan fún èrò. Ìdí tí ìjọba sọ ni ikú ojú ọ̀nà àti ìwà ọ̀daràn, ẹnikẹ́ni kò sì lè wí pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ tí òfin 2020 bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ àti ọlọ́jà ni a rí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́ wọn. Ewu dín kù, ìnira sì pọ̀ sí i. Ẹni tí ó ní mọ́tò kò fara gbá nínú ìnira náà. Aláìní ni ó rù ú.

Ní September 4, 2023, ọkọ̀ irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 kọjá omi dé Marina, níbi tí ènìyàn lè ti fi ẹsẹ̀ rìn dé Balógun. Ẹ ka ọdún rẹ̀: láti 1933 tí a ti pa tram tì títí dé 2023, ó jẹ́ 90 ọdún tí ọkọ̀ irin kan kò gbé èrò kọjá omi wọ erékùṣù Èkó. Inú àlàfo náà ni a bí ọ̀kadà sí, inú rẹ̀ ni ó ti dàgbà, inú rẹ̀ ni ó ti pa àwọn kan, tí ó sì bọ́ àwọn mìíràn. Kì í ṣe ìwà agídí àwọn ọ̀dọ́ ni ó dá a sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òfin nìkan ni yóò mú un kúrò. Ohun tí ìlú kò bá pèsè, àwọn ènìyàn yóò pèsè rẹ̀ fún ara wọn, wọn yóò sì san owó rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú eegun ara wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ìlú, ẹ má ṣe dúró lórí orúkọ ọba àti gómìnà nìkan. Ẹ bi wọ́n léèrè bí ìyá wọn ti ń dé ọjà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, bí ó bá di dandan fún yín láti gun alùpùpù ní ibi tí òfin gbà á, ẹ dé àṣíborí yín, ẹ bu ọ̀wọ̀ fún òjò àkọ́rọ̀, ẹ má sì ṣe kígbe sí ọlọ́kadà pé kí ó sáré. Ọjà tí a bá láàárọ̀ yóò wà níbẹ̀ ní ọ̀sán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.