Ta Ló Pe Fáìlì Yìí Wọlé?

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ní ìkòríta Ore rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ wí. Àwọn onímọ́tò kan á kọ orúkọ èrò sínú ìwé, wọn á wá máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn kò ní ìwé kankan. Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ àtíbàbà, "Ó yá, ẹ wọlé!" ni. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí yá, àmọ́ ẹ ò lè mọ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Araromi-Obu. JavaScript, èdè kan tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ló fi ṣe ètò ìṣirò fún àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Mo bá a, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Àgbẹ̀ tó gbé àpò kan wá, àpò méjì ni kọ̀ǹpútà ń kọ fún un.

"Bọ̀ọ̀dá, fáìlì àtijọ́ kan ni mo gbàgbé sínú fódà. Tuntun ń kọ kílò sílẹ̀, àtijọ́ náà ń kọ ọ́. Mi ò sì pè é o! Fúnra ẹ̀ ló wọlé."

Mo ní báwo ni ẹni tí a ò pè ṣe ń wọlé? Ilẹ̀ ṣú kó tó dáhùn tán.

Ní 1995 ni Brendan Eich ṣe èdè yìí fún ilé iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló fi ṣe ti àkọ́kọ́. Nǹkan kéékèèké orí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ní lọ́kàn, wọn ò rò pé iṣẹ́ ńlá lè ti ibẹ̀ jáde. Nítorí náà, kò sí ọ̀nà tí fáìlì kan lè gbà pe èkejì. Ẹni tó bá ní fáìlì mẹ́wàá á to mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀lé ara wọn sínú ojú ewé. Bí ìkejì bá ṣáájú àkọ́kọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Inú yàrá kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé. Bí fáìlì méjì bá fún nǹkan ní orúkọ kan náà, ẹni tó dé kẹ́yìn á gba ipò ẹni tó ṣáájú, kò ní kígbe rárá.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọdún mẹ́rìnlá. Ní oṣù kìíní 2009, Kevin Dangoor pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti wá nǹkan ṣe sí i. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí là ń pè ní CommonJS. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ryan Dahl gbé Node.js jáde, tó mú JavaScript kúrò lórí ojú ewé nìkan, tó sì ń lo ọ̀nà CommonJS. Fáìlì kọ̀ọ̀kan wá ní yàrá tirẹ̀. Bó bá fẹ́ èkejì, á sọ pé `require`, á dárúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀. Àṣẹ lásán ni `require`; ibi tó bá wuni la ti lè lò ó, orúkọ tí ètò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò ló sì lè gbà. Node sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú fódà. Àwọn èèyàn bá so méjèèjì pọ̀: ka orúkọ wọn, pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà mẹ́rin márùn-ún ni, ó parí. N ò bá wọn wí. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún fáìlì, tó ń kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò gbàgbé ọ̀kan lọ́jọ́ kan. (PHP ti ní irú ẹ̀ láti 2004, ṣùgbọ́n tiwọn ń dúró kí ẹnìkan kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó ń wá ná.)

Ní oṣù kẹfà 2015, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó èdè náà fi `import` sínú òfin. Wọ́n ní orúkọ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ gedegbe, kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ètò ń ṣírò, kí ẹ̀rọ lè mọ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó di 2017 kí Safari àti Chrome tó gbà á wọlé. Ní 2020 wọ́n fi `import()` kún un, tó lè gba orúkọ tí a ṣírò. Síbẹ̀, òun náà kò lè wo inú fódà.

Ọ̀pọ̀ ló ń ráhùn pé olóríkunkun ni ìgbìmọ̀ yìí. Èmi ò sí lára wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo fódà wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó ní irinṣẹ́ tó lè bá a ṣe é: webpack tí Tobias Koppers ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 2012 ní `require.context`, Vite tí Evan You gbé jáde ní 2020 ní `import.meta.glob`. Àwọn wọ̀nyí á wo inú fódà nígbà tí wọ́n bá ń di ẹrù, wọn á sì bá ọ kọ orúkọ sílẹ̀. Ìwé orúkọ ṣì wà, ṣebí ẹ̀rọ ló kàn kọ ọ́?

Ti ọmọ wa kò ní ìwé kankan. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló kó fáìlì àtijọ́ kúrò, tó sì fi ìlà kan kún un kí ètò náà máa kọ orúkọ gbogbo fáìlì tó bá pè sójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a jókòó ti ìwé àwọn àgbẹ̀, à ń fi bírò tún kílò wọn ṣe, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀. Nígbà tó tún ètò náà tan, orúkọ mọ́kànlá ló jáde. Ó kà wọ́n sókè fún mi. Mo ní kó tún wọn kà.