Ta Ni Ó Ni Orin Dáfídì?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, orúkọ ìwé náà gan-an ni ẹ jẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Hébérù ń pè é ní Tehillim, ìyẹn ni ìyìn. Àwa ní Orin Dáfídì. Bẹ́ẹ̀ nínú 150 orin tó wà níbẹ̀, 73 péré ni àkọlé Hébérù so mọ́ orúkọ Dáfídì. Ti Ásáfù wà ńbẹ̀, ti àwọn ọmọ Kórà náà wà ńbẹ̀. A ti kó gbogbo rẹ̀ fún ọba kan ṣoṣo ká tó ṣí ìwé rárá!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlejò ní Ìgbàjà. Ní 1941 ni àwọn míṣọ́nnárì SIM dá ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì sílẹ̀ níbẹ̀, òun ló di Sẹ́mínárì ECWA. Byang Kato kàwé níbẹ̀, ó sì padà wá ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni pé Orin 2, 22 àti 110 ń sọ nípa Jésù.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orin ìwúyè ni Orin 2 àti 110, tí wọ́n ń kọ fún ọba Jerúsálẹ́mù. Mashiach ni ẹni tí wọ́n da òróró lé lórí. Sọ́ọ̀lù pàápàá jẹ́ ẹ. Kí wọ́n tó bí Jésù ni àwọn Júù ti túmọ̀ rẹ̀ sí Christos ní èdè Gíríìkì. Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó jáde lódindi ní 1884, pè é ní Ẹni-òróró. Onígbàgbọ́ wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí ọkàn rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ Sọ́ọ̀lù? Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, Justin bá Trypho tó jẹ́ Júù jiyàn lórí Orin 110: àwọn Júù ní Hesekáyà ni, Justin ní rárá o, Kristi ni.

Orin 22 ló le jù. Níbi ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ìwé Hébérù tó wọ́pọ̀ ní "bíi kìnnìún". Ti Gíríìkì ní wọ́n gbẹ́ ẹ. Bíbélì wa ní "lu". Bíbélì àtijọ́ kò sì fi àmì ohùn sí i: ṣé lu bí ìgbà tí wọ́n lu nǹkan nìhò ni, àbí lù bíi ti ìlù? Ẹ fi ohùn sí i fúnra yín.

Èmi kò bínú sí àwọn tó ń ka Jésù sínú orin wọ̀nyí o. Bí a bá ń kì ọmọ Ìgbómìnà, ogun tí baba ńlá rẹ̀ jà la máa ń kà sí i lọ́rùn, kò sì sẹ́ni tó ń pe akígbe ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n akígbe mọ̀ pé baba ńlá náà gbé ayé rí. Ohun tó ń dùn mí ni kí oníwàásù sọ akéwì Orin 22 di ajíṣẹ́ lásán, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Kò sí "yóò rí báyìí" nínú ẹkún rẹ̀. "Èmi" ló ń wí: egungun mi, ahọ́n mi, aṣọ mi.

Ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn náà sì ni Jésù ké lórí àgbélébùú. Ẹkún ẹlòmíràn ló yá. Bí Máàkù ṣe kọ ọ́, èdè Árámáíkì ló fi ké e, kì í ṣe Hébérù tí wọ́n fi kọ orin náà. Ìtumọ̀ ni òun náà lò, bíi tiwa.