Àmì Abẹ́ Lẹ́tà Láyé Kọ̀ǹpútà

Bí òǹkàwé bá rí ọ̀nà tú àpótí ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá kọ̀wé ní nǹkan bí 1970, yóò bá àwọn ojú ewé kan pàdé níbẹ̀ tí wọ́n yẹ ní wíwò. Ẹ̀rọ táípù ni wọ́n fi tẹ ọ̀rọ̀ inú wọn, ṣùgbọ́n bírò ni wọ́n fi kọ àmì ohùn lé e lórí, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìlà kìíní títí dé ìkẹyìn. Àmì abẹ́ lẹ́tà ńkọ́? Ẹ̀rọ náà ni ó ń ṣe ìyẹn. Atẹ̀wé yóò tẹ e, yóò dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, yóò sì tẹ ìlà kékeré sí abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà falẹ̀, ó sì ń dá ni lágara, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ táípù kò lọ́gbọ́n nínú. Ohunkóhun tí a bá tẹ̀ lé orí òmíràn, yóò gbà á bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó gba ipò rẹ̀ mọ ohun púpọ̀ tí ẹ̀rọ táípù kò mọ̀, àmọ́ agbára kékeré yìí gan-an ni ó gbà lọ́wọ́ wa, ó sì ju ogún ọdún lọ kí a tó rí i gbà padà.

A kò gbọdọ̀ fi ojú ọ̀ṣọ́ wo àwọn àmì wọ̀nyí. Fáwẹ̀lì márùn-ún ni lẹ́tà Látìn ní. Méje ni Yorùbá ní, láì ka àwọn àránmúpè. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ èdè wa di kíkọ fi ní láti wá nǹkan fi sí abẹ́ e àti o. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe jáde ní 1843. Ní 1875 ìjọ C.M.S. pe ìpàdé ní Èkó lórí ọ̀nà tí ó yẹ kí a máa gbà kọ èdè náà. Ní 1884 Bíbélì Yorùbá pé odindi. Àtúnṣe mìíràn tún wáyé ní 1974, àmọ́ àmì abẹ́ dúró digbí. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, tí a sì yọ àmì ohùn pẹ̀lú rẹ̀, kí ni a ó pe "oko"? Ó lè jẹ́ oko tí a ń ro, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń ro ó, ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ sí Ìbàdàn, tàbí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ fi gún ẹran. (Ìtumọ̀ kan ṣì kù, ṣùgbọ́n kò yẹ irú ìwé yìí.)

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ní 1963 àwọn ará Amẹ́ríkà fi ẹnu kò sí òǹkà kan tí wọ́n pè ní ASCII, èyí tí ó sọ nọ́ńbà tí yóò dúró fún A àti èyí tí yóò dúró fún B. Àyè 128 péré ni ó wà nínú rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ṣe é fún. Nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ 1981, àyè náà ti di 256. Wọ́n fi àwọn lẹ́tà Faransé àti ti Jámánì sí i. Wọ́n fi díẹ̀ nínú ti Gíríìkì sí i nítorí àwọn onímọ̀ ìṣirò. Wọ́n fi onírúurú ìlà sí i tí a lè fi ya àpótí. Wọ́n tún fi ojú tí ń rẹ́rìn-ín méjì sí i, àti àwọn àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà lórí káàdì tí a fi ń ta tẹ́tẹ́! Lẹ́tà ẹ kò sí níbẹ̀. N kò rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe wá bẹ́ẹ̀. A kò sí níbi ìpín ni, ẹni tí ó sì wà níbẹ̀ rántí ara rẹ̀. Òfin kọ̀ǹpútà náà sì le: àyè kan, àmì kan. Bí a bá padà sẹ́yìn láti fa ìlà sí abẹ́ e, e tí ó ti wà níbẹ̀ yóò pa rẹ́.

Àwọn ènìyàn wa dá ọgbọ́n. Wọn a mú àmì kan tí Yorùbá kò nílò, wọn a sì tún àwòrán rẹ̀ yà kí ó lè jọ ẹ tàbí ọ. Lórí bébà, ẹ ni ẹ ó rí. Nínú ikùn kọ̀ǹpútà, ohun mìíràn pátápátá ni. Ní àárín àwọn ọdún 1990, mo gbé àrókọ kan tí mo kọ báyìí lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan lórí dísíìkì. Nígbà tí wọ́n ṣí i, gbogbo ọ mi ti di àmì owó ilẹ̀ Japan, gbogbo ṣ ti di ìdá kan nínú méjì. Ọmọkùnrin tí ó wà nídìí ẹ̀rọ náà wò mí títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èdè wo lẹ kọ yìí?" Ọjọ́ méjì ni a fi tún un tẹ̀.

Ọ̀nà jíjìn ni ìtura ti wá. Ní 1988 Joe Becker, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Xerox, kọ àbá kan pé kí lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà nínú òǹkà kan ṣoṣo. Unicode ni ó pè é. Ẹ̀dà kìíní rẹ̀ jáde ní 1991. Nígbà tí ó fi di 1993, ẹ, ọ àti ṣ ti wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́, títí mo fi wádìí àwọn tí a jọ wọlé. Àwọn ará Vietnam náà ń kọ ẹ àti ọ, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, àmì abẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ni àmì ohùn. Ṣ sì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń lò tipẹ́ láti fi lẹ́tà Látìn kọ Lárúbáwá àti Sanskrit. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì nípa ẹni tí ilẹ̀kùn náà ṣí fún, kí ó wo ệ, tí í ṣe ti Vietnam: ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ́ àti ẹ̀ kò ní. Ohun tí Unicode fi fún wa ni àmì ohùn tí ó dá dúró, tí a lè tẹ̀ lé orí lẹ́tà tí ó ti wà nílẹ̀. Ọgbọ́n ẹ̀rọ táípù ni ó padà dé yẹn.

Kí kọ̀ǹpútà gba àmì jẹ́ ọ̀kan. Kí ó mọ ibi tí yóò gbé e sí jẹ́ òmíràn. Fún ọdún púpọ̀, àmì ohùn a máa já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ bí fìlà tí kò bá orí mu. Ìgbà tí Windows Vista dé ní 2007 ni nǹkan sunwọ̀n, tí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sì bá a wá. Windows 7 tẹ̀ lé e ní 2009, a sì ṣe é tí ènìyàn fi lè rí àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Alt-i ti ń ṣe wàhálà lórí kíbọ́ọ̀dù àti ohùn Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, bí nǹkan bá dé ìlú òyìnbó, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń rà ní Ìkẹjà, Windows XP àtijọ́ ni ó sì wà nínú púpọ̀ wọn títí Microsoft fi dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró ní 2014.

Láàárín ìgbà tí a ń dúró yẹn ni fóònù alágbèéká wọlé, èmi sì gbà pé òun ni ó ṣe wá ní jàǹbá jù. Ní oṣù kẹjọ 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan lè gbà, bí gbogbo wọn bá wà nínú òǹkà kékeré tí àwọn ará Yúróòpù ṣe fún un. Ó yani lẹ́nu pé à, è, ì, ò àti ù wà nínú òǹkà náà, ṣùgbọ́n á kò sí níbẹ̀, ẹ kò sí níbẹ̀. Bí ẹ̀yọ ẹ kan ṣoṣo bá wọ inú ọ̀rọ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò bọ́ sí òǹkà mìíràn, àyè 160 yóò sì di 70. Èyí ni pé ọ̀rọ̀ tí ó kún àtẹ̀jíṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀ yóò di mẹ́ta, owó mẹ́ta ni a ó sì san. Ọ̀pọ̀ fóònù ìgbà náà kò tilẹ̀ ní ẹ lórí bọ́tìnì wọn rárá. Ta ni yóò wá bá ọmọ ogún ọdún wí pé ó kọ "e kaaro"? Bẹ́ẹ̀ ni odindi ìran kan ṣe kọ́ láti máa kọ Yorùbá ní ìhòòhò, tí ojú wọn sì mọ́ ọn.

Lónìí kò sí ìdíwọ́ púpọ̀ mọ́. Àwọn tí ó dá YorùbáName sílẹ̀ gbé kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ jáde ní 2016. Kíbọ́ọ̀dù Google tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù mọ Yorùbá. Ìṣòro tí ó kù fara sin. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà kó ẹ́ jọ: ẹ kí á fi àmì òkè lé e, é kí á fi àmì abẹ́ sí i, tàbí e lásán kí á fi méjèèjì kún un. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ètò tí ń wá ọ̀rọ̀ kò bá sọ wọ́n di ọ̀kan náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, yóò ní òun kò rí orúkọ tí ó wà níwájú òun.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ àbúrò mi kan kọ̀wé sí mi lórí fóònù tuntun rẹ̀: "E kaaro sa. Mo ti wa ninu oko." Mo bi í pé èwo nínú wọn, àti pé ṣé ó mọ̀ pé bí òun bá tẹ e tí òun kò sì tètè gbé ọwọ́ kúrò, ẹ yóò yọ. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, sà. Ó wá fi ojú kan tí ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́ sí mi.