Èèwọ̀ Oògùn Tí A Fi Ń Dènà Túúlu

Oríṣiríṣi ni ẹ̀fọ́rí, ṣùgbọ́n túúlu, tó máa ń fọ́ni ní apá kan orí, tí èébì sì ń gbéni, le ju ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kù lọ. Àwọn kan rò pé àìsàn òyìnbó ni. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣuntókun ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Igbó-Ọrà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992, já èyí: nínú nǹkan bí 19,000 ènìyàn, bí ẹni 5 nínú 100 ló ní in.

Kì í ṣe oògùn tí à ń lò nígbà tí orí bá ń fọ́ ni a ń sọ níhìn-ín, bí kò ṣe èyí tí à ń lò lójoojúmọ́ kí ó má baà fọ́. Ara dídá ni a fi ń gbé e mì, nítorí náà, ó máa ń pẹ́ kí a tó fura sí ìpalára rẹ̀. Ní 1959, Federigo Sicuteri, oníṣègùn ará Ítálì, kéde pé methysergide ń dènà túúlu. Ìtura dé, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ń lò ó láìdáwọ́ dúró. Ní Boston ni John Graham ti ṣàkíyèsí pé nǹkan líle bí àpá egbò ń hù nínú ikùn àwọn kan lára wọn, lọ́hùn-ún lẹ́yìn ìfun, tó ń fún ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà kúrò nínú kíndìnrín. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èyí jáde ní 1966. Òfin tó ti ibẹ̀ wá ni pé lẹ́yìn oṣù 6, kí aláìsàn sinmi oògùn náà fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4.

Kí ni a ó pe irú òfin bẹ́ẹ̀? Èèwọ̀ ni, lójú tèmi. Adáhunṣe kì í fúnni lóògùn láìsọ èèwọ̀ rẹ̀. (Lóòótọ́, agbára oògùn ni èèwọ̀ tirẹ̀ sábà máa ń dáàbò bò, ti dókítà, ara ẹni ni.)

Propranolol, oògùn ọkàn tí James Black ṣàwárí, ní èèwọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1966 ni a gbọ́ pé ó ń dín túúlu kù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní ikọ́ fée bá rà á ní kẹ́míìsì, ìbáà ṣe ní Igbó-Ọrà tàbí ní Ekurede-Urhobo ní Warri, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè, èémí rẹ̀ lè dí pátápátá. Valproate ní tirẹ̀ ń ba ọmọ inú jẹ́. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí a má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún obìnrin tó ṣì lè lóyún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà ń fi kọ ìkìlọ̀ wọ̀nyí sínú páálí oògùn.